Ìlà Tí Kò Sí Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Zacharie

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n sin Zacharie sí Ahoyéyé, ó tún kọ̀wé.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ni. Kùrukùru ti bo oko ọ̀pẹ débi pé igi tó wà níwájú ilé pàápàá dà bí òjìji. Aurore, opó rẹ̀, ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí fóònù rẹ̀ dún níbi tó dì í mọ́ etí ìró. Ó yọ ọ́, ó wò ó. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló rí, àti àwòrán ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tó máa ń gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lábẹ́ àwòrán náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ará oko, mo kí yín. Mo ti ń gbé pọ́ǹpù aláwọ̀ búlúù kan kọ́yìn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó kà á tán, ó tún un kà, títí oòrùn fi ká kùrukùru náà kúrò lórí oko díẹ̀díẹ̀.

Àgbẹ̀ ni Zacharie nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni búlọ́ọ̀gì rẹ̀, ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti ń fi Yorùbá sọ irinṣẹ́ oko tó dára àti èyí tí kò dára. Wọ́n ń kà á ní Pobè, wọ́n ń kà á ní Kétou, títí kọjá ẹnubodè. Bí ó bá yin nǹkan, á fi ìjápọ̀ sí i, ibi tí òǹkàwé máa tẹ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Lábẹ́ rẹ̀ pátápátá, á wá kọ ìlà kan ṣoṣo: "Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí rà á, ẹni tó ń tà á á fún mi ní díẹ̀ nínú èrè rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á."

Ìlà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ń jẹ níbẹ̀, o lè bá a jókòó.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ti pọ́ǹpù, ọ̀rọ̀ kejì tún jáde, lórí àdá kan. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, lórí fìtílà tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Nígbà náà ni àgbẹ̀ kan ní Igana, Bonaventure, gbé pọ́ǹpù búlúù tó rà nítorí ọ̀rọ̀ Zacharie wá, ó rọ oògùn koríko sínú rẹ̀, ó gbé e kọ́yìn, ó wọ oko. Kò tíì dé ìdajì oko tí pọ́ǹpù náà fi ya lẹ́yìn rẹ̀. Odò jìnnà. Kí ó tó dé ibi omi, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó láti èjìká dé ìbàdí.

Ẹbí rẹ̀ gba kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá Pobè, lọ. Ọ̀dọ̀ Màrúfátù ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí.

Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni Màrúfátù, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Sakété, ọlọ́pàá tó ń tú ìdí ọ̀ràn; Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá, ni àwọn èèyàn ń pè é. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ó sì máa ń di ojú nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé kò gbọ́. Wọ́n ti pọ̀ tí ìrònú yẹn gbé dé ẹ̀wọ̀n.

Kọ̀mísẹ́ẹ̀ Bienvenu, ọ̀gá rẹ̀, ti pinnu tirẹ̀ kí ó tó jókòó.

"Opó náà ni," ó ní. "Ta ló tún lè jẹ́? Fóònù ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ra nǹkan níbẹ̀, ìpín díẹ̀ á wọlé. Ẹbí Bonaventure fẹ́ kí a gbé e dé ilé ẹjọ́. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì."

"Kí ni òní?"

"Ọjọ́ Ajé."

Màrúfátù mi orí, ó sì ní kí wọ́n pe Aurore wọlé.

Obìnrin náà jókòó sétí àga. Ó tú gèlè kékeré kan, ó mú fóònù Zacharie jáde láti inú rẹ̀. Ojú fóònù náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Láti oṣù keje ni fóònù yìí ti kú," Aurore wí. "Mi ò tàn án rí."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè tàn, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí ojú ìwé náà?"

"Òun nìkan, bí mo ṣe mọ̀."

"Lọ́jọ́ tó o kà á, kí lo rò?"

"Mo kọ́kọ́ rò pé mò ń lá àlá ni. Lẹ́yìn náà mo wá rò pé ikú rẹ̀ ni mo lá."

"Ẹ̀kejì ńkọ́? Ẹ̀kẹta?"

"Mo ti ń dúró dè wọ́n." Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wọn ò ra epo lọ́wọ́ mi mọ́ lọ́jà. Wọ́n ní ẹni tó lè fi ẹnu òkú polówó ọjà, kò sí ohun tí kò lè pò mọ́ epo."

Màrúfátù ti di ojú. Nígbà tó là á, ó fọwọ́ bo fóònù fífọ́ náà, ó rọra tì í padà sí ọ̀dọ̀ Aurore.

"Gbé e lọ sílé," ó ní. "Máà tàn án."

*

Ní ọjọ́ kejì ó gun sémíjàn lọ sí Igana. Eruku pupa ń gòkè lẹ́yìn ọ̀kadà náà, kì í tètè sọ̀kalẹ̀. Bí èèyàn bá bojú wẹ̀yìn, á dà bíi pé ọ̀nà tó gbà wá ti parẹ́.

Bonaventure dojú bolẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́báyọ̀, ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"A dúpẹ́. Ẹ má bínú, n kò lè dìde kí yín."

"Kí ló mú yín gbà pé Zacharie ló kọ ọ́?"

"Ohùn rẹ̀." Bonaventure gbé orí díẹ̀. "Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣe bí i tirẹ̀, á yin nǹkan náà jù. Zacharie kì í yìn jù. Ó kàn ní okùn rẹ̀ kò gé èjìká, pé ẹnu rẹ̀ ń fọ́n oògùn bí ìrì. Nígbà tí mo ka 'bí ìrì' yẹn, mo mọ̀ pé òun ni."

"Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kú," Ọmọ́báyọ̀ wí. "Ká ní ó mọ̀ ni, kì bá tí rà á."

Pọ́ǹpù búlúù náà wà lẹ́bàá ògiri. Màrúfátù bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ìhà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó ti là gbọọrọ bí ẹnu ẹja. Ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó ṣí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù tirẹ̀, ó sì kà á sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "'Àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nítorí òjò àná.'"

Ó gbójú sókè. Àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé ti gbẹ lórí ìdúró, ewé rẹ̀ ń dún wóró-wóró nínú afẹ́fẹ́.

"Bàbá, ìgbà wo ni àgbàdo ń yọ ewé méjì níbí?"

"Oṣù kẹrin. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, oṣù kẹsàn-án."

"Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, ṣé òjò rọ̀ dáadáa?"

"Òjò kẹ̀? Ilẹ̀ gbẹ bí àwo. Ọ̀pọ̀ wa gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó di oṣù kẹrin nìyẹn." Màrúfátù fi fóònù sápò. "Ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹlòmíràn kọ irọ́, ojú ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ló máa kọ. Ẹni yìí kò kọ nǹkan kan. Zacharie ló kọ ọ́ nígbà tó wà láàyè. Ẹnìkan kàn ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ náà pé kó jáde ni."

Ọmọ́báyọ̀ dáwọ́ ewé dúró. "Ta wá ni?"

"Ẹni tí Zacharie fún ní kọ́kọ́rọ́," Màrúfátù dáhùn.

*

Arnaud ló ń ta pọ́ǹpù náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì Sakété, ọ̀bẹ ìkórè àti ìṣó kún un, òórùn rọ́bà tuntun sì ń múni lórí. Ọkùnrin tó múra dáadáa ni, ẹ̀rín kì í sì í pẹ́ lójú rẹ̀ kó tó lọ.

"Èmi àti Zacharie? Ọjà ló pa wá pọ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ń júwe mi, mò ń fún un ní ìpín rẹ̀. Ti pọ́ǹpù yìí, òun àti èmi ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí."

"Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n to pọ́ǹpù búlúù jọ dé àjà. Màrúfátù rìn láàárín wọn láìkánjú, ó ń fọwọ́ kan okùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi ìkẹrìnlá ó dúró. Okùn ti ìyẹn rọ̀, ó ń dán, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì há sínú ìdè rẹ̀.

"Èyí ti wọ oko rí, Ọ̀gá Arnaud."

Ẹ̀rín náà lọ, kò sì padà.

"Zacharie ló dá a padà ní oṣù kẹfà," Arnaud wí nígbẹ̀yìn. "Ó ní ó ti ń jò níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ṣàánú mi, kó yìn ín bẹ́ẹ̀, pé màá fi kún ìpín rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá purọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní lè kọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn mọ́."

"Ẹ̀yin sì ń tà á lọ."

"Mo ti ra ọjà náà wọlé."

"Nínú gbogbo ayé, ẹ̀yin lẹ ní èrè jù nínú kí òkú yìí sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ègùn ni mí. Mò ń sọ Yorùbá, n kò lè kà á. Faransé ni mo fi kàwé."

Màrúfátù mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nǹkan sórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ọ̀rọ̀ tó kọ lórí pọ́ǹpù nìyí?"

Ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ ni: "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ọlọ́pàá méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Arnaud tẹjú mọ́ ọn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò mì. "Ó jọ ọ́," ó ní. "Ṣé ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ni?"

Màrúfátù gba fóònù rẹ̀. "Ìpín Zacharie lórí àwọn pọ́ǹpù tí ẹ tà lóṣù yìí, ta ló wá gbà á?"

"Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ó wà níbẹ̀."

Màrúfátù jáde, ó wá ibòji ìsọ̀ kan jókòó sí, ó ra omi, kò sì mu ún. Ẹni tó ṣe é kò wá èrè. Ẹni tó ní èrè kò lè ṣe é. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ nínú oòrùn funfun ọ̀sán, ó dà bí ẹni pé inú omi ni wọ́n ti ń rìn.

Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ aṣọ, kí ó má wo àárín rẹ̀, etí rẹ̀ ni kó wò. Ibẹ̀ ni ahunṣọ ti ń parí iṣẹ́. Ó ṣí gbogbo ohun tí Zacharie kọ láti ọdún mẹ́ta, kò sì ka nǹkan kan àfi ìparí wọn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. "Oṣù mẹ́ta ti pé." Lẹ́yìn ìyẹn, àléébù tí nǹkan náà ní. Lẹ́yìn àléébù, ìlà ìpín.

Ó wá ka ìparí mẹ́ta tuntun. Kò sí oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Kò sí àléébù. Kò sí ìlà.

"Ó máa ń kọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀," Màrúfátù sọ fún ara rẹ̀, "á wá dúró. Bí nǹkan náà bá já a kulẹ̀, kò ní parí rẹ̀ láéláé."

*

Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé nígbà tó dé ilé Aurore ní Ahoyéyé. Lára ògiri, kàlẹ́ńdà ọdún náà ṣì wà ní oṣù keje. Zacharie ti fi bírò kọ nǹkan sí àwọn ọjọ́ kan. Màrúfátù sún mọ́ ọn. Lábẹ́ ọjọ́ kan ó kà: "ra igba".

"Kí ló fẹ́ rà níbí?"

Aurore rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Mo bá a jà lórí ìyẹn. Mo ra igbá méjì wálé láti fi bu epo. Ó ní igbà lòun ń wí, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Kì í fi àmì sí nǹkan. Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé."

"Ṣùgbọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì."

Aurore wo ògiri, ó wo Màrúfátù.

"Àwọn mẹ́ta tuntun náà ní àmì," Màrúfátù ń bá a lọ. "Gbogbo rẹ̀ pé. Ta ló mọ àmì ohùn nínú ẹbí yín?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀," Aurore wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Prudence. Ó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé Yorùbá ní Ita-Djèbou. A ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ kí wọ́n gbé e gbà, àwọn bàbá ilé kọ̀, ó sì rò pé èmi ni mo wà nídìí rẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni?"

"Mi ò lẹ́nu láti sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, Ṣẹ́ẹ̀fù. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo wà."

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Màrúfátù bá àwọn àgbàlagbà méjìlá lábẹ́ àtíbàbà ní Ita-Djèbou, pátákó dúdú níwájú wọn. Obìnrin gíga kan tó ti ń hewú ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀. Ó ń kà á, àwọn ń gbè é, ohùn wọn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó dúró sáàárín. Màrúfátù jókòó sẹ́yìn. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ níti tòótọ́. Ó dúró títí ẹni ìkẹyìn fi lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá olùkọ́."

"Ẹ kú àbọ̀. Ṣé ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ni?"

"Ó wù mí. Ọlọ́pàá ni mí, láti Pobè. Mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin," Prudence dáhùn, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ẹfun sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Màrúfátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ojú.

"Ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi láìlámì," Prudence bẹ̀rẹ̀. "Ojú ń tì í pé kò mọ̀ ọ́n, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, àní ìyàwó rẹ̀. Màá kà á sókè kí n tó mọ ibi tí àmì máa wà. Èèyàn ò lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ láìgbọ́ ohùn ẹni tó sọ ọ́. Bó bá wá ní kí n gbé e síta, màá gbé e sí ojú ìwé rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìsìnkú, méje ṣẹ́kù sọ́dọ̀ mi, n kò ṣí wọn. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ọ̀kan. Mo kà á sókè nínú yàrá mi. Ohùn rẹ̀ kún inú ilé. Nígbà tí mo fi àmì sí i tán, ọwọ́ mi lọ tẹ ibi tó máa ń tẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ń kí i. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń kí i. 'Zacharie, ó tó ọjọ́ mẹ́ta.' 'Zacharie, báwo ni oko?' Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ó ti kú. Ó wà láàyè lọ́jọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi ìlà ìpín sísàlẹ̀?"

"Kò sí nínú èyí tó fi ránṣẹ́. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Mo fẹ́ fi kún un, ọwọ́ mi kọ̀. Òkú kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kọ ọ́ pé wọ́n á fún un ní díẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ àbúrò mi yẹn."

Màrúfátù la ojú. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ òótọ́ tó ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀.

"Kò gbàgbé," ó ní. "Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló máa ń tún un fi ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ìparí, àbí?"

Prudence ronú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mejì-mejì ló máa ń wá, ti ẹ̀yìn ló máa ń ní kí n gbé síta. Mo rò pé àtúnṣe lásán ni."

"Ìlà yẹn ni èdìdì rẹ̀. Àwọn méje tó wà lọ́wọ́ yín, kò tíì dá a lójú nípa wọn, òmíràn sì ti já a kulẹ̀ pátápátá. Pọ́ǹpù búlúù yẹn, ó ti dá a padà fún ẹni tó ń tà á ní oṣù kẹfà."

"Kò sọ fún mi."

"Àìsàn ti dé nígbà yẹn."

Prudence wo pátákó, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun kò kà dáadáa. "Ṣé ẹnìkan rà á?"

Màrúfátù sọ ti Bonaventure fún un, àti odò tó jìnnà. Ó sọ ti Aurore, tí ẹnikẹ́ni kò ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n fẹ́ gbé dé ilé ẹjọ́ ní ọ̀la.

Obìnrin náà kò sunkún. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó náà láti òkè wá sísàlẹ̀, títí kò fi sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"N kò rò pé wọ́n ń rà á," ó ní. "Mo rò pé wọ́n kàn ń kí i ni."

*

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà lójú ìwé Zacharie.

"Orúkọ mi ni Prudence. Zacharie àbúrò mi kú ní oṣù keje. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jáde lóṣù yìí síta, n kò sì sọ fún yín. Kò tíì parí wọn. Pọ́ǹpù aláwọ̀ búlúù ń jò, ó ti dá a padà kó tó kú. Ẹni tó bá ní in, kó má gbé e kọ́yìn mọ́. Ó ti bó ẹnìkan lára. Mo ti yọ ìjápọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Ìpín tó ti wọlé lórí wọn, ẹni tó fara pa ló ni ín. Aurore ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Èsì kò tètè dé. Nígbà tó dé, ó le. Ẹnìkan ní olè ni. Ẹnìkan ní òun ò ní ka nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e lọ. Obìnrin kan láti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọ ọ́ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ti ń kí òkú ní àràárọ̀, kí Prudence sọ fún òun ohun tí òun máa fi ìkíni yẹn ṣe. Ẹlòmíràn kàn kọ̀wé pé òun ti sọ pọ́ǹpù òun sí ẹ̀yìnkùlé, pé a dúpẹ́.

Kọ̀mísẹ́ẹ̀ Bienvenu kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rán ọlọ́pàá méjì lọ kó ìyókù pọ́ǹpù ní ṣọ́ọ̀bù Arnaud, kí wọ́n sì mú Arnaud fúnra rẹ̀ wá sọ ìdí tó fi ń ta ohun tó mọ̀ pé ó ń jò.

"Ti opó ti tán," ó ní. "Ti ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Ọwọ́ Bonaventure ló wà," Màrúfátù dáhùn. "Bó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́. Mò ń mú un lọ síbẹ̀ láàárọ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ yà ní Ahoyéyé. Prudence dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Aurore wò ó pẹ́, ó wọlé, ó bu omi wá fún un. Prudence kúnlẹ̀ gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ. Obìnrin méjì láti ọjà ti wà níbẹ̀, wọ́n ń ra epo, wọn kò sì gbójú sókè.

Ní Igana, kùrukùru ò tíì ká. Prudence jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Bonaventure, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀ títí ó fi dé òpin rẹ̀.

Bonaventure yí ojú sí apá ibi tí Prudence jókòó sí.

"Ìyàwó mi sọ fún ọlọ́pàá pé n kò mọ̀ pé ó ti kú," ó ní nígbẹ̀yìn. "Mo mọ̀. Mo wà ní Ahoyéyé lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Mo bu erùpẹ̀ lé e lórí."

Ọmọ́báyọ̀ yíjú wò ó.

"Nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní bóyá ohun tí mo rí ní Ahoyéyé ni kì í ṣe òótọ́. Ojú mi ti tàn mí jẹ rí. Zacharie kò tàn mí jẹ rí." Ó mí kanlẹ̀. "N kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ń ta mí, ìyá olùkọ́. Ó ń ta mí gan-an."

"Mo gbọ́," Prudence wí. Nígbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ́báyọ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó dìde, ó wọ inú ilé, ó mú ọkọ́ méjì jáde, ó na ọ̀kan sí i.

"Ìdajì oko ni oògùn náà ò dé," ó ní. "Koríko ti ga ju àwọn ọmọ ọ̀pẹ lọ."

Prudence bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gba ọkọ́ náà, ó sì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bo àwọn méjèèjì. Ìró irin nínú ilẹ̀ nìkan ni Màrúfátù ń gbọ́ láti abẹ́ igi máńgòrò: ti ẹnìkan yára, ó dọ́gba; ti ẹnìkejì ń kọsẹ̀, ó ń dúró, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀.